Aṣọ Wo Ló Yẹ Alágbàtà Ilẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà, ọmọ Ìdógùn ni mí, mo sì ń ṣe alágbàtà ilé àti ilẹ̀ títí dé Ọ̀wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní bí n kò bá wọ kóòtù, kí n so táì, kò sẹ́ni tí yóò fọkàn tán mi. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, nítorí náà ọ̀rẹ́ rẹ kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá tọ olórí ẹbí tí ó ni ilẹ̀ lọ pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò tí a fọ̀ tí a sì lọ̀, tí o ṣí fìlà, tí o dọ̀bálẹ̀ kí o tó la ẹnu, ọmọlúwàbí ni yóò kà ọ́ sí ju ẹni tí ó so táì tí ó sì na ọwọ́ sí àgbàlagbà lọ. Ní ọjọ́ tí o bá ń mú oníbàárà wo ilẹ̀ nínú igbó, bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni kí o wọ̀. Aṣọ Ṣẹ́ghọ́sẹ̀n àwọn ìyá wa ní Ọ̀wọ̀, ọjọ́ ayẹyẹ ni kí o fi í pamọ́ dè, nítorí àgbà tó wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí.

Síbẹ̀, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Láti ọdún 1975 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ń forúkọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ń díye lé ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀. Má ṣe fi kóòtù pe ara rẹ ní ọ̀kan nínú wọn bí o kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà. Fi ìwé ilẹ̀ han oníbàárà kí ó tó sanwó, kí o sì já rìsíìtì fún un: èyí ni ẹ̀wù tí kì í gbó.