Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀rọ̀ alùpùpù tó ń jo epo gan-an nìyẹn. Ibi yòówù kí epo ti máa jò, ìdí kábúrétọ̀ ló sábà máa ń kán sílẹ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà epo. Ẹni tó bá wò ó gààràgà á ní kábúrétọ̀ ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ tápù abẹ́ táǹkì ló ń jo, ó sì lè jẹ́ họ́ọ̀sì ló ti sán, tí epo wá ń rọra yọ́ tọ ara rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ kó tó kán. Nílùú Ọ̀tà, lábẹ́ afárá Sàngó, ní Jójù, ní Ojú-Ọ̀rẹ̀, bí ọlọ́kadà bá ti gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ tó máa ń yá lẹ́nu ni pé, “Bọ̀ọ̀dá, kábúrétọ̀ yín ti kú, ẹ lọ ra òmíràn.” Ó rà á tán, wọ́n dè é tán, epo ṣì ń kán tó, tó, tó.

Ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ìyókù ẹ̀ka rẹ̀ ni: ẹ má ra ohunkóhun títí ẹ ó fi fojú ara yín rí ibi tí epo ti ń jáde.

Ọ̀tà kì í ṣe ìlú tí alùpùpù jẹ́ àlejò sí. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ níbẹ̀, alùpùpù ni wọ́n sì ń tò pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Accord lọ́dún 2015. Àwọn alùpùpù Honda CG125 àtijọ́ ṣì wà lójú títì pẹ̀lú àwọn Bajaj àti TVS tó dé lẹ́yìn wọn, àwọn ló ń gbé òṣìṣẹ́ tó jáde ní ṣífùtù alẹ́ ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò délé. Honda mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì CG125 fún orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ ìtọ́jú kò ti pọ̀, irin rẹ̀ kì í tètè gbó. Rọ́bà ló ń darúgbó. Ooru ẹ́ńjìnnì ń gbẹ ẹ́, kòtò ojú ọ̀nà ń mì í, eruku táwọn tírélà ń tú sókè ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Nítorí náà, bí alùpùpù tó ti pẹ́ bá ń jo epo, ẹ má tíì sọ pé ó ti gbó. Rọ́bà tí kò wọ́n ló sábà máa ń béèrè.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan kò tó igba náírà nílé epo. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà. Epo tó kún ìgò omi 50cl kan tó bá kán dànù nígbà náà, ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ. Ẹ gbé ìgò sábẹ́ ibi tó ń kán fún wákàtí kan ní gbangba ìta tí kò sí iná, kí ẹ fi owó lítà ọjọ́ náà ṣírò rẹ̀, kí ẹ wá fi wákàtí tí ẹ ń lò lójú pópó sọ ọ́ di púpọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣàròyé pé ọ̀kadà kò mú owó wọlé mọ́, ilẹ̀ ló ń gba owó náà lọ́wọ́ wọn.

Bí a ṣe ń wá a nìyí. Àárọ̀ ló dára jù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ ti tápù, kí ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ojú ọ̀nà epo láti abẹ́ táǹkì dé ìdí kábúrétọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ wá ṣí tápù, ẹ má tíì fẹsẹ̀ ta alùpùpù. Ẹ ya bébà ìnujú funfun sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fi kan oríkèé kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sílẹ̀: ibi tí tápù ti so mọ́ táǹkì, ìdí ọwọ́ tápù, ẹnu họ́ọ̀sì lókè, àárín rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ojú ibi tí àwo ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ ti pàdé ara rẹ̀, àti ẹnu páìpù kékeré tó ń tú epo àkúnwọ́sílẹ̀ jáde. Ibi tí bébà bá kọ́kọ́ tutù sí ni ẹjọ́ wà. Bí epo kò bá dá bí ẹ tilẹ̀ ti tápù pa, tápù fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ ló ń dà á, ọ̀rọ̀ wà nínú ikùn kábúrétọ̀. Bó bá jẹ́ ojú ìpàdé àwo, síìlì rọ́bà ibẹ̀ ló ti fẹ̀ tàbí kó jẹ́ pé àwọn síkúrù ti dẹ̀.

Mo fẹ́ gbèjà àwọn mẹkáníìkì díẹ̀ níhìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn pé wọ́n wo nǹkan, àfi bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò wá jókòó fi bébà wá epo kiri fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ sọ fún ọ̀gá mẹkáníìkì kó tó mú sukurudiráfà pé iye báyìí ni owó àyẹ̀wò, yálà ó rí nǹkan pààrọ̀ tàbí kò rí, kí ẹ sì san án tayọ̀tayọ̀. Ó kéré sí owó kábúrétọ̀ tí ẹ kò nílò.

Bó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ló ń jo, ẹ má fi ohunkóhun tí ẹ bá ṣáà ti rí tún un ṣe: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo ti rí alùpùpù tí wọ́n fi rọ́bà omi ìfàsára ilé ìwòsàn ṣe ọ̀nà epo fún, nítorí pé ó mọ́lẹ̀, èèyàn sì ń rí epo nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pọ́n, tó le gbandi, tí ẹnu rẹ̀ sì là. Awẹ́ túùbù táyà tí wọ́n ń yí mọ́ ojú ibi tó jo kò sàn jù ú lọ: bẹntiróòlù a máa wú rọ́bà túùbù, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Súpà gúlúù kì í bá a débì kankan. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí ìròyìn gbòde pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Irú epo bẹ́ẹ̀ a máa jẹ rọ́bà tí kì í ṣe ojúlówó.

Họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún epo ni kí ẹ béèrè, èyí tó nípọn tó sì ní òwú nínú awọ rẹ̀. Ẹ gé díẹ̀ lára ti tẹ́lẹ̀ dání lọ sọ́jà, kí ihò wọn lè dọ́gba. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́po, ẹ má jẹ́ kó fara kan ẹ́ńjìnnì, kí kílíìpù sì wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹnu nìkan ló bá le, tí họ́ọ̀sì sì gùn tó, ẹ lè gé ìbú ìka kan kúrò kí ẹ tún un dè, ṣùgbọ́n ìyẹn á kàn gbé yín dé ọjà ni.

Kábúrétọ̀ ló gba sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí epo bá ti kún àwo dé ìwọ̀n, fúlóòtù á léfòó, á ti níídù kékeré kan sókè láti dí ẹnu ọ̀nà epo. Bí ìdọ̀tí bá há sábẹ́ níídù, bí orí rẹ̀ bá jẹ, tàbí bí fúlóòtù bá lu tí kò léfòó mọ́, epo á kún kọjá ààyè, á gba páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ jáde. Kí ẹ tó tú u rárá, ẹ tú síkúrù ìsàlẹ̀ àwo kí epo rọ́ sínú ìgò, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn sukurudiráfà gbá àwo náà pẹ́pẹ́. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí yẹn á bá epo lọ, jíjò á sì tán. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ omi nísàlẹ̀ ìgò, omi ti wọ epo nìyẹn, ẹ yẹ ibi tí ẹ ti ń rà á nínú kẹ́ẹ̀gì wò.

Bí kò bá tán, ẹ tú u. Sukurudiráfà tó bá ihò síkúrù mu déédéé ni kí ẹ lò, nítorí pé síkúrù orí àwo rọ̀, orí rẹ̀ á fọ́ bí irin bá yọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rọra fa pín-ìnnì fúlóòtù yọ. Ẹ gbé níídù síta nínú oòrùn, kí ẹ fi èékánná wọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Bí èékánná bá há sí ojú ìlà róbótó kan níbẹ̀, ó ti jẹ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀; ẹ má fi bébà ìhara ha á. Ẹ gbọn fúlóòtù sétí, bí epo bá ń mì nínú rẹ̀, ó ti lu. Ẹ má fi wáyà gún ihò jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà lọ sí ẹ́ńjìnnì, láéláé: bí ihò yẹn bá fẹ̀ pẹ́nrẹ́n, alùpùpù á máa mu epo lámujù títí lọ. Epo mímọ́ àti atẹ́gùn páǹpù tó o. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ ki rọ́bà tó mọ́lẹ̀ bọ ẹnu páìpù ìsàlẹ̀ àwo, kí ẹ gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, kí ẹ tú síkúrù rẹ̀, kí ẹ ṣí tápù. Epo tí ẹ rí nínú rọ́bà náà, bó ṣe ga tó nínú àwo gan-an nìyẹn. Ó yẹ kó dúró díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìpàdé àwo. (Ibi tí mo máa ń fẹ́ rọ́bà omi ìfàsára sí nìyí, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré.)

Ẹ tún gbóòórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù tàbí tó ga kọjá àmì, epo ti wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fẹsẹ̀ ta alùpùpù náà, ẹ yí ọ́ìlì náà dànù.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó sì lè rìn jìnnà kó tó bá iná pàdé. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí ààrò olóúnjẹ tàbí ibi tí wẹ́dà ti ń jó irin, ẹ má sì fi àbẹ́là ríran. Kí yanrìn wà nítòsí. Bí táǹkì bá lu lójú ọ̀nà, ọṣẹ ìfọṣọ líle tí ẹ bá fi dí i lè gbé yín délé, nítorí pé bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé táǹkì fún wẹ́dà pé kò sí epo nínú rẹ̀ mọ́. Táǹkì òfìfo tí ooru epo kún inú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Àfi ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra ni kó fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti alẹ́. Nítorí olè, ọ̀pọ̀ wa ní Sàngó ló ń ti alùpùpù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ, níbi tí sítóòfù ti wà lẹ́nu ọ̀nà kálukú tí àwọn ọmọ sì ń sùn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá máa tì í wọlé, ẹ ti tápù nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ẹ délé, kí ẹ́ńjìnnì jó epo inú kábúrétọ̀ tán kó sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ dúró kó tutù, kí ẹ fi bébà gbígbẹ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí bébà bá tutù, ìta ni kí alùpùpù sùn lóru ọjọ́ náà, kí ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó.