Ta Ló Ń Jẹun Nínú Ìfun Wa?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tíṣà wa ní Báyọ́lọ́jì sọ fún àwa SS2 pé àìmọye bakitéríà ló ń gbé nínú ìfun ńlá wa, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe wá láǹfààní. Kíláàsì pariwo. Ẹnì kan ní òun máa lo oògùn aràn tóun bá délé. Ẹ gbà mí o, bakitéríà kì í ṣe aràn!

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó máa ń fún wa ní àgbàdo sísè tí a bá ń ti iléèwé bọ̀. Wọ́n ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, gbogbo èèyàn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àgbo ni wọ́n ń mu. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsíbítù, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Jẹ̀dí náà a máa mú ẹ̀jẹ̀ wá lóòótọ́, àmọ́ ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀, àfi kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Torí náà ni mo ṣe bi tíṣà wa bóyá àwọn bakitéríà yìí ló ń fà á. Wọ́n ní, "Ó wà lọ́wọ́ ohun tí o bá fún wọn jẹ." Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni.

Ẹ wò ó báyìí. Tí a bá jẹ ẹ̀wà, ilá tàbí ẹ̀fọ́, apá kan wà nínú rẹ̀ tí inú wa ò lè dà. Fáíbà nìyẹn. Tó bá dé ìfun ńlá, bakitéríà á jẹ ẹ́, wọ́n á sì fi ṣe ohun kan tó ń jẹ́ butyrate. Butyrate yìí ni oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun ńlá, ó sì ń dáàbò bò wọ́n. Ọ̀rá ńkọ́? Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ á tú òróǹro púpọ̀ jáde láti fi dà á. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á bọ́ sọ́wọ́ bakitéríà, àwọn kan á sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe. Sẹ́ẹ̀lì tó ń fara pa lójoojúmọ́ á máa pín ṣáá, ibi pípín yẹn ni àṣìṣe ti ń wọ DNA.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ ní 2015, jẹjẹrẹ yìí ń mú bíi 65 nínú 100,000 àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún, kò sì tó 5 láàárín àwọn ará oko ní Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá mú 20 èèyàn láti Pittsburgh àti 20 láti ìgbèríko KwaZulu-Natal, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ ẹ̀wà, ilá àti àgbàdo. Àwọn ará Áfíríkà ń jẹ sọ́séèjì àti bọ́gà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi kámẹ́rà wo ìfun wọn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní kókó kéékèèké nínú ìfun, irú èyí tó lè di jẹjẹrẹ. Kò sí ará Áfíríkà kankan tó ní in.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, butyrate àwọn ará Amẹ́ríkà ti di ìlọ́po méjì àbọ̀, ti àwọn ará Áfíríkà já sí ìdajì. Sẹ́ẹ̀lì ìfun àwọn ará Áfíríkà ń pín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti àwọn ará Amẹ́ríkà rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì o! Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2015. Àmì ewu ni wọ́n wọ̀n ṣá, kì í ṣe jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, oúnjẹ nìkan sì kọ́ ló ń fà á: ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìdílé wà níbẹ̀, sìgá àti ọtí náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì. Ògì wọ inú omi, wọ́n da èèrí fún ewúrẹ́. Inú èèrí yẹn gan-an ni fáíbà àgbàdo wà! Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n lọ bá ewúrẹ́ jẹun. Àmọ́ ẹ̀wà la jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ní kí n gbé abọ́ kan lọ fún bàbá àgbàdo.