Nípa Ìjókòó Irin Nínú Igi Ìbọn

Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó ni Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọdẹ ni Ọ̀gúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Títí di òní, àgbẹ̀ tí ó ní ìbọn pọ̀ níbẹ̀ àti ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ẹ ó gbọ́ tí wọn ń ráhùn. Ìbọn tí ó pa ọ̀yà ní oṣù kẹsàn-án, bí ó bá di oṣù kìn-ín-ní, ẹ̀tù rẹ̀ a tàn fìrì lójú àwo, ọta kò sì ní jáde. Tàbí kí ó jáde nígbà tí ẹran ti lọ. Nígbà náà ni a ó máa fura sí aládùúgbò, tí a ó sì wí pé ẹnìkan ti fi oògùn de ìbọn náà. Kí á tó ba ọ̀rẹ́ jẹ́ nítorí èyí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ igi ìbọn wò.

Igi a máa mu omi inú afẹ́fẹ́ ní ìgbà òjò, a sì máa wú. Ọyẹ́, tí ó ti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà wá, a fa omi náà jáde, igi a sì súnkì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀kùn pákó mọ èyí: èyí tí ó há ní oṣù keje, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé ní oṣù kejìlá. Ní ìbú ni igi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gígùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Irin kò mu omi, nítorí náà kì í bá igi rìn.

Nínú ṣakabùlà, ọ̀pá irin dùbúlẹ̀ nínú kòtò gbọọrọ tí a gbẹ́ sí ojú igi. Ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé wà ní ara ọ̀pá, ṣùgbọ́n àwo tí a ń bu ẹ̀tù díẹ̀ sí, pẹ̀lú irin tí ó di akọ òkúta mú, ara igi ni a kàn wọ́n mọ́. Bí igi bá súnkì, àwo yóò yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Àlàfo tí kò nípọn ju èékánná lọ ti tó: ẹ̀tù yóò jò sílẹ̀, iná yóò tàn lóde, tàbí yóò pẹ́ kí ó tó wọlé. Ọdẹ tí ó rò pé ìbọn kọ̀ yóò ti sọ ọ́ kalẹ̀, nígbà náà ni yóò sì dún, ẹni tí ó dúró tì í ni yóò sì wà nínú ewu. Nítorí náà bí ìbọn bá kọ̀, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí ènìyàn kò sí fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó kéré tán, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i.

Ìbọn tí a gbẹ́ ojú ìlà yíyí sí inú ọ̀pá rẹ̀, kí ọta lè máa pòòyì lọ, tilẹ̀ tún nílò ìjókòó rere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yìn ín, ọ̀pá a máa gbọ̀n bí okùn gòjé. Kì í ṣe ìgbọ̀n náà ni ó burú. Bí ó bá gbọ̀n bákan náà nígbà gbogbo, ọta yóò lọ sí ibì kan náà. Ṣùgbọ́n bí igi tí ó wú bá kàn án níhìn-ín lónìí, tí ó sì kàn án lọ́hùn-ún lọ́la, ó dàbí ìka tí ń sún kiri lórí okùn gòjé, ohùn kò lè jẹ́ ọ̀kan. Lee-Enfield tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọdún 1895, igi bo ọ̀pá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu. Iṣẹ́ ńlá ni ó jẹ́ fún àwọn tí ń tún un ṣe láti mú kí igi náà bá a mu.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Kí á kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan nínú ìbọn. Ẹ ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ki ẹ̀tù bọ inú rẹ̀, ẹ sàmì sí i ní ẹnu ìbọn, kí ẹ sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóde. Bí kò bá dé ọ̀gangan ihò iná, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni alágbẹ̀dẹ yóò tú irin kúrò lára igi, yóò fi dúdú èéfín àtùpà tí a po mọ́ òróró díẹ̀ kun abẹ́ irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, yóò dá a padà sí àyè rẹ̀, yóò sì tún gbé e sókè. Ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ lára igi ni ó ga. Kí ó ha ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe gé e. Ó lè ṣe èyí ní ogún ìgbà kí dúdú tó kàn káàkiri. Alágbẹ̀dẹ tí ó parí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un ṣe. Ní ìdí ọ̀pá, igi gbọ́dọ̀ gbá a mú ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni ìbọn ń tì nígbà tí ó bá dún.

Bí kòtò bá ti gbòòrò jù, ẹ má ṣe fi àkísà há a: àkísà ń mu omi, irin yóò sì dípẹtà. Pẹlẹbẹ igi irú kan náà ni kí á fi àtè lẹ̀ mọ́ ọn. Igi apá dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í súnkì púpọ̀, bí ó bá ti gbẹ dáadáa ní abẹ́ òjìji. Lẹ́yìn náà kí á fi fáníìṣì kun inú kòtò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ń dán ẹ̀yìn igi títí ó fi ń kọ mọ̀nà, wọn a sì fi inú sílẹ̀ ní gbẹrẹfu, níbi tí omi ń gbà wọlé. Epo pupa àti àdí kò wúlò fún èyí, nítorí wọn kì í gbẹ.

Ọ̀pá tí ó ti là, tàbí èyí tí a fi páìpù omi ṣe, kò ní ìwòsàn nínú gbogbo èyí. Ẹ má ṣe yìn ín mọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá dé, àti nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín àwo àti ọ̀pá. Bí bébà náà bá wọlé, ìbọn náà ń lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kì í ṣe oko.