Ṣé Ó Yẹ Ká Kó Ọmọ Lọ sí Macau?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ sinmi ní Macau, ṣùgbọ́n ẹbí ní ìlú tẹ́tẹ́ ni. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ lọ. Lóòótọ́, tẹ́tẹ́ ló ń bọ́ ìlú náà, àmọ́ òfin kò gba ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 láàyè nínú ilé tẹ́tẹ́. Ìta ló kún fún ohun tí ọmọdé lè wò. Àwọn Potogí kò dá Macau padà fún Ṣáínà títí di 1999, ìdí nìyẹn tí ojúbọ A-Má ti àwọn Ṣáínà, tó ti wà kí wọ́n tó dé, àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi jọ wà ní ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Èyí tó wù mí jù ni ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul: iná jó o ní 1835, ògiri iwájú nìkan ló kù, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí àti ọ̀rọ̀ Ṣáínà wà lára òkúta kan náà. Ìwé wo ló lè kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀? Ẹlòmíràn á ní owó hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ga. Ó ga, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wíwo ògiri yẹn. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, lóṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀.