Ohun tí ọksimítà ń sọ lójú oorun: ẹ̀kọ́ lórí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́jú sleep apnea



Láti Ìkìrun dé Iníṣà títí dé Òkukù, bí bàbá kan bá ń hanrun, àwọn ará ilé á ní oorun dídùn ló ń sùn. Ṣùgbọ́n ìhanrun kan wà tí kò dára. Ẹni náà á hanrun kíkankíkan, á dákẹ́ lójijì, lẹ́yìn náà á ta gìrì, á sì fa èémí sínú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí jáde nínú omi. Ìdákẹ́jẹ́ àárín yẹn ni ẹ̀kọ́ wa dá lé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Bí a bá sùn, iṣan ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára àwọn kan, ó máa ń dẹ̀ débi pé ọ̀nà èémí á pa dé. Àyà ń gbìyànjú láti mí, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Bí èyí bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, ìdádúró èémí kan nìyẹn. Tí irú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìgbà tí èémí kàn dínkù, bá tó 5 láàárín wákàtí kan, ó ti di nǹkan tí dókítà ń kà sí. Bó bá tó 30, ó ti le gan-an nìyẹn.

Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀fun bá pa dé, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, ọpọlọ á sì jí ara díẹ̀ kí èémí lè padà. Ẹni tó bá ń gbé e bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Lójú ọ̀sán, á máa tòògbé. Bó bá jẹ́ awakọ̀ tó ń ná Òṣogbo sí Ọ̀ffà ni, ewu náà ti kúrò ní tirẹ̀ nìkan.

Ẹ̀rọ CPAP kì í ṣe ọ́síjìn

Ní 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, Australia, kọ̀wé nípa ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú wọlé láti fi di ọ̀nà ọ̀fun mú kó má pa dé. Òun ni a ń pè ní CPAP. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ó ń fẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí ẹnikẹ́ni lọ háyà sílíńdà ọ́síjìn fúnra rẹ̀ dípò rẹ̀. Ọ́síjìn lè gbé nọ́ńbà sókè nígbà tí ọ̀fun ṣì ń pa dé. Ìdádúró èémí ẹlòmíì tilẹ̀ lè gùn sí i, kí afẹ́fẹ́ burúkú tó yẹ kó mí síta sì máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí ọksimítà ṣe ń kà á

Takuo Aoyagi, ará Japan, ló ṣàwárí ọgbọ́n rẹ̀. Ó gbé e jáde ní 1974. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú ìka: pupa, àti infrared tí ojú kò rí. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í gba ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bákan náà. Láti ara ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ nínú iṣan ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò ìdá rẹ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ yá, 95 sí 100 nínú 100 ló máa ń wà. Bó bá wà lábẹ́ 90, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Ẹ jẹ́ ká ka òru kan

Ọksimítà tó ń kọ nọ́ńbà pa mọ́ ní gbogbo òru la nílò. Èyí tí a kàn fi wò ó lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Ká ní ẹnì kan sùn fún wákàtí 7, tí ọ́síjìn rẹ̀ sì fi ìdá 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já wálẹ̀ nígbà 210. A ó pín 210 sí 7: ìgbà 30 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ CPAP, ó di 28 fún wákàtí 7: ìgbà 4 péré. Ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrísí ìlà náà pẹ̀lú:

1. Bó bá rí bí eyín ayùn, ọ̀fun ṣì ń pa dé. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàsìkì, tàbí pé agbára ẹ̀rọ kò tó.
2. Bí eyín ayùn bá bẹ̀rẹ̀ lójijì ní aago 2 òru, ẹ bèèrè bóyá iná lọ nígbà náà, tàbí ó bọ́ máàsìkì sílẹ̀.
3. Bí ìlà bá tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ 90, tí kò ní eyín, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tàbí mímí tí kò jinlẹ̀ tó. Dókítà ni kó wádìí rẹ̀.

Ibi tí ọksimítà ti lè tàn wá jẹ

Èyí kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kejìlá 2020, àwọn olùwádìí ní Michigan, Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Láàárín àwọn tí ọksimítà kà sí 92 sí 96, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gangan fi hàn pé 11.7 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú ni ọ́síjìn wọn kò tó 88. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá dára tí ara kò dára, ara ni kí ẹ gbọ́.

Làálì àti kútẹ́ẹ̀sì lórí èékánná, àti ọwọ́ tútù, lè ba kíkà rẹ̀ jẹ́. Èyí tó burú jù ni èéfín jẹnẹrétọ̀. Carbon monoxide inú rẹ̀ máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ọksimítà yóò sì kà á mọ́ ọ́síjìn. Ẹnì kan lè máa kú lọ kí ojú ẹ̀rọ máa sọ pé 98. Ẹni tó bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí CPAP, kó gbé e jìnnà sí fèrèsé. Bátìrì tàbí ínfátà ló dára jù.

Iṣẹ́ tiwa

Ẹ̀rí wà nítòsí pé ẹ̀rọ kékeré yìí wúlò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Nínú ìwádìí tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, fífún àwọn nọ́ọ̀sì ní ọksimítà àti ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ mú kí ọ́síjìn túbọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé tó nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ tẹ́tí sí oorun àwọn òbí yín. Bí ẹ bá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Bàámi, ẹ máa ń dákẹ́ mí lójú oorun, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà.” Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UNIOSUN Teaching Hospital ní Òṣogbo. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ dání, torí ẹni tó ń sùn kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ń lo CPAP, ọ́síjìn rẹ̀ já wálẹ̀ nígbà 72 láàárín wákàtí 6. Mélòó ni ní wákàtí kan? Kí ni nǹkan méjì tí ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò?