ÀRÒKỌ ONÍLẸ́TÀ: Ẹrù Ẹni Tí Ń Lọ Gun Òkè

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò rẹ fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gun òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tànsáníà. Kọ lẹ́tà sí i lórí ẹrù tí ó yẹ kí ó dì.

ÀLÀYÉ: Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni èyí, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni a ń kọ sí i, lápá ọ̀tún lókè. Ọ̀pọ̀ olùdánwò a máa to orúkọ ẹrù jọ bí ẹni tí ń ka ọjà fún oníbàárà. Èyí kò dára. Ẹni tí ń yẹ ìwé rẹ wò fẹ́ mọ ìdí tí o fi ní kí ó mú nǹkan kan, kí ó sì fi òmíràn sílẹ̀. Ṣàkíyèsí bí akọ̀wé yìí ṣe pẹ́ lórí ìbọ̀wọ́, tí kò sì pẹ́ rárá lórí oúnjẹ.

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.
4 Oṣù Òkúdù, 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Inú mi dùn pé wọ́n mú ọ mọ́ àwọn tí yóò lọ. Ṣé àlàáfíà ni Màámi wà? Bá mi kí wọn.

Mo ka orúkọ ẹrù tí o kọ ránṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣòkòtò jíìnsì mẹ́ta, bàtà tuntun, agbòòrùn, súwẹ́tà kan! O kò kọ ìbọ̀wọ́ rárá. Ìdí nìyí tí n ó fi sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Nígbà tí mo lọ ní 2019, gbogbo yín rò pé mo dé ṣónṣó òkè náà. N kò dé ibẹ̀.

Àgọ́ Barafu ni a ti gbéra ní ọ̀gànjọ́ òru. Èdè Swahili ni orúkọ náà. Yìnyín ni ó túmọ̀ sí. Mo ti kó ìbọ̀wọ́ mi tí ó nípọn sí ìsàlẹ̀ àpò ńlá, àpò ńlá kì í sì í bá ènìyàn kọjá àgọ́. Ìbọ̀wọ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo wọ̀. Òtútù ibẹ̀ lè lọ sí ìwọ̀n 15 nísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí a fi dé Stella Point, 5,756 mítà, n kò mọ̀ bóyá mo di ọ̀pá mi mú tàbí n kò dì í mú. Afinimọ̀nà wo ìka mi, ó ní kí n yí padà. Kò ju ìrìn wákàtí kan lọ mọ́ sí Uhuru, 5,895 mítà. Mo sọ̀kalẹ̀.

Nítorí náà, inú àpò kékeré tí ìwọ fúnra rẹ yóò gbé kọ́ ẹ̀yìn ni kí ìbọ̀wọ́ wà: fẹ́lẹ́ kan fún inú, àti èyí tí ó nípọn tí omi kò lè wọ̀ fún òkè rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni aṣọ òjò, oògùn, omi, àti tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí yóò wà. Da orí ìgò omi rẹ kodò nínú àpò. Òkè omi ni ó kọ́kọ́ máa ń dì, ẹnu ìgò kò sì níí tètè dí. Gbé bátìrì sùn mọ́ra, nítorí òtútù máa ń pa agbára rẹ̀.

Fi jíìnsì sílẹ̀. Aṣọ òwú a máa mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Aṣọ irun àgùntàn ni kí o wọ̀ mọ́ra, kí súwẹ́tà tẹ̀ lé e, kí ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà kọjá borí wọn. Inú igbó ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ooru yóò sì mú ọ. Wà á máa bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà tuntun yẹn ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́ lónìí, kí o wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ pẹ̀lú. Ìgbà tí o bá ń sọ̀kalẹ̀ ni wà á mọ ìdí rẹ̀.

Aláàárù ni yóò ru àpò ńlá rẹ. Òfin ọgbà náà kò gbà kí ó ru ju 20 kílò lọ, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu géètì. Bí tìrẹ bá ti ju 15 lọ, yọ nǹkan kúrò. Ọmọ ènìyàn ni, ọ̀nà kan náà ni ẹ jọ ń gùn. Má fi ọ̀rá ìrajà di aṣọ. Ìjọba Tànsáníà ti fòfin dè é láti oṣù kẹfà 2019. Gààrí díẹ̀ kò burú. Má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí o ń bì, tí o ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí, má fi pa mọ́ fún afinimọ̀nà. Ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú àpò.

Má tíì sọ ti Stella Point fún Màámi. N ó wá ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, n ó sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. N ó mú ìbọ̀wọ́ náà wá fún ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tòótọ́.