Àyè Ìkẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ilé, fún Ọmọ àti fún Òbí

Ẹ̀yin òbí wa ní Torino, Padova, Brescia, Verona àti àwọn ìlú tó kù ní àríwá Ítálì, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kéré lójú, àmọ́ ó ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Níbo ni ọmọ máa jókòó sí nínú ilé tó bá ní ẹ̀kọ́ láti ṣe lórí kọ̀ǹpútà?

Ẹ ò ní gbàgbé ọdún 2020. Ní ìparí oṣù kejì ni wọ́n ti ilé ìwé pa ní Piemonte, Veneto, Lombardia àti Emilia-Romagna nítorí àrùn Kòrónà. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù kẹta, gbogbo Ítálì ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ kò padà sí kíláàsì títí di oṣù kẹsàn-án. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní didattica a distanza. Ìjọba ya mílíọ̀nù 85 euro sọ́tọ̀ fún un ní oṣù kẹta yẹn, mílíọ̀nù 70 nínú rẹ̀ sì jẹ́ fún ẹ̀rọ tí ilé ìwé máa yá àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó. Kọ̀ǹpútà dé ọwọ́ àwọn kan lára wa. Ṣùgbọ́n ìjọba wo ló lè fi tábìlì àti ìdákẹ́jẹ́ ránṣẹ́ sí èèyàn? A mọ ilé oníyàrá méjì kan tí ọmọ mẹ́ta ti ń lo fóònù kan. Inú ilé ìwẹ̀ ni èyí tó wà ní terza media máa ń jókòó sí láti gbọ́ olùkọ́, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì.

Àsìkò yẹn ti lọ, àmọ́ ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ kò bá a lọ. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn olùkọ́ púpọ̀ ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Ọmọ tí àìsàn bá dá dúró sílé fún ó kéré tán 30 ọjọ́, ilé ìwé lè ṣètò istruzione domiciliare fún un, àmọ́ òbí ló gbọ́dọ̀ béèrè, kó sì mú ìwé dókítà lọ. Ẹ̀yin òbí fúnra yín náà ńkọ́? Ní CPIA, níbi tí àgbàlagbà ti ń kọ́ èdè Ítálì, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ ṣe tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí ẹ̀kọ́ láti ilé. Ẹ sì mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀: A2 ni wọ́n ń béèrè fún permesso ọlọ́jọ́ gígùn, B1 sì ni fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ onílẹ̀.

Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni o. Àwọn ará Ítálì pàápàá jókòó síwájú ẹ̀rọ kọ́ ABD tiwọn. Láti 1960 sí 1968, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Alberto Manzi kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kíkà àti kíkọ lórí tẹlifíṣọ̀n RAI. Non è mai troppo tardi ni orúkọ ètò náà, ìyẹn ni pé kò tíì pẹ́ jù. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n a máa lọ bá àwọn yòókù jókòó níbi tí wọ́n gbé ọ̀kan sí.

Ó yá, ká bọ́ sórí iṣẹ́. Ẹ má rò pé ẹ gbọ́dọ̀ ní yàrá lọ́tọ̀. Igun kan náà tó, bí tábìlì ìdáná bá tiẹ̀ ni, tí gbogbo ilé bá ti mọ̀ pé láti aago báyìí sí aago báyìí, ti ọmọ ni. Ẹ gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti ẹ̀gbẹ́, kó má kọjú sí ojú ọmọ, kó má sì tan sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, apá òsì ni kí iná ti wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji ọwọ́ rẹ̀ á bo ìwé. Ẹ fi ìwé bíi mẹ́ta ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ kó lè ga tó ojú. Ẹ yẹra fún ògiri tí muffa ti mú. Nígbà òtútù, ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. A sì bẹ̀ yín, ẹ má gbé àdògán eléédú wọ yàrá láti fi mú ọmọ lára yá. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Ọ̀rọ̀ iná ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Kìlówáàtì 3 ni àdéhùn ọ̀pọ̀ ilé níbí. Tí ẹ bá tan forno, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí, tí ẹnìkan tún ki áyọ́ọ̀nù bọná, mítà á já, gbogbo ilé á ṣókùnkùn, modem á kú. Kó tó padà dé, ìṣẹ́jú mélòó kan ti lọ, ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, olùkọ́ sì lè kọ ọ́ pé kò wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní scuola media àti superiore, ọmọ gbọ́dọ̀ wá fún ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wákàtí ọdún, àfi tó bá ní ìdí tí ilé ìwé gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọdún náà lè ṣòfò. Nítorí náà, ẹ lọ aṣọ lálẹ́. Modem pẹ̀lú, ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má sì gbé e sún mọ́ microwave. Tí okùn bá wà tó lè dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, okùn dára ju afẹ́fẹ́ lọ.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an. A fẹ́ràn láti máa rán ọmọ níṣẹ́. «Wá gbé ìkòkò yìí, lọ wo ta ló ń kan ilẹ̀kùn.» Tó bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí nílé. Àlejò tó bá dé, a ò ní kí ọmọ má kí i o, Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n àlejò á dúró kí ọmọ parí. Ìyá tó ń bá Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó rọra bọ́ sí yàrá kejì. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí gbogbo kíláàsì má bàa máa wo ibùsùn yín àti ẹni tó ró ìró kọjá.

Tí ilé ò bá gbà á rárá, ẹ lọ sí ilé ìkàwé ìlú. Ọ̀fẹ́ ni ìjókòó ibẹ̀. Ní Torino, Primo Levi wà ní via Leoncavallo. Ní Padova, ọ̀kan wà ní San Gaetano, via Altinate. Ẹ kọ́kọ́ béèrè aago tí wọ́n ń ṣí. Tó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ni kò sí, ẹ béèrè ní segreteria ilé ìwé bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n lè yá yín ní comodato d'uso, kí ẹ ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kó tó tán. Ẹ máa tọwọ́ bọ̀wé, ẹ sì máa dá a padà, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa níwájú wọn kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀. Tí ìwé náà kò bá yé yín, ẹ mú un wá fún wa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.